Ẹnu tí Ọ̀gá Fi Ń Sọ̀rọ̀

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, fọ́tò kún ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo wọn, Ọ̀gá ń bọ àlejò kan lọ́wọ́: àlejò tó ga, àlejò tó sanra, àlejò tó wọ kóòtù nínú oòrùn. Bí ẹ bá wo àárín àwọn méjèèjì dáadáa, ẹ ó rí ìgbọ̀nwọ́ kan, tàbí ìdajì etí tó ní yẹtí kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ, ẹnu rẹ̀ ló gbà kọjá, ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá ti dé, á ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ló ń rí sí òwò láàárín àwọn àgbẹ̀ wa àti àwọn tó ń rajà láti òkè òkun. Ata ilẹ̀ gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú ọjà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ èdè àwọn olùrajà yìí ní yunifásítì, ó sì ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ wọn, níbi tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí, kí ó tó wọ ilé iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé lẹ́tà tó bá kọ, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi í ṣe ògbufọ̀ Ọ̀gá nínú gbogbo ìpàdé. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ẹnu Ọ̀gá. Ọlọ́dẹ tó wà ní géètì pàápàá, bó ṣe máa kí i nìyẹn: "Ẹnu Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara Ọ̀gá le?" Bí ẹni pé ẹnu lè jí kí ara má tíì jí.

Bàbá wa ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà láìmọ̀. Àgbà ìjọ ni Bàbá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa yára ru bí omi tó wà lórí iná. Nígbà tí a wà ní kékeré, ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan jẹ aṣọ tí Bàbá sá sórí okùn. Bàbá pe ẹ̀gbọ́n mi. "Lọ sọ fún un pé bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá tún yọjú síbí, sísun ni màá sun ún." Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní ewúrẹ́ yín wà lọ́dọ̀ wa, ara rẹ̀ le, àmọ́ aṣọ ni wọ́n rò pé kò yẹ kó máa jẹ." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí Bàbá. Nígbà tí Bàbá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe jíṣẹ́ náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "A rán ọ níṣẹ́ ẹrú, o fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó o jẹun nídìí ẹnu yìí."

Ó jẹun nídìí ẹ̀ lóòótọ́. Àga tó máa jókòó lé ni Bàbá kò fi kún àdúrà náà. Nínú ìpàdé, àga ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà láàárín àga Ọ̀gá àti ògiri. Bí wọ́n bá lọ síbi àfihàn ọjà lókè òkun, orúkọ Ọ̀gá ni wọ́n ń kọ sára káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn, pẹ̀lú "ògbufọ̀ rẹ̀" nísàlẹ̀. Bí àwọn àlejò bá sì se àsè, oúnjẹ tirẹ̀ á tutù sínú àwo, nítorí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ fún ènìyàn méjì kò rí àyè jẹun fún ẹnì kan.

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, torí Ọlọ́run ń gbọ́. Kì í jí ohun ilé iṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ bá sì ṣàìsàn, á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dà bí òkò: ibi tó bá bọ́ sí, á fọ́ ọ. Bí àlejò bá ní kó dín owó ọjà kù, á ní, "Sọ fún un pé kó lọ ra iyẹ̀pẹ̀, ìyẹn ò wọ́n." Ẹ̀gbọ́n mi á yíjú sí àlejò, á sì sọ ní èdè rẹ̀ pé, "Ọ̀gá mi mọ̀ pé ojúlówó ọjà lẹ bá wá, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá dín in jù, òun ò ní lè fún yín ní irú èyí mọ́." Àlejò á mi orí. Ọ̀gá á wo ojú àlejò tó ti rọ̀, á fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n máa ń gbọ́." Gbogbo àwọn tó bá a jókòó á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́ òkò tó jù, wọ́n sì rí àlejò tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rò?

Lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀ fura. "Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ, ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wàásù. Kí lo fi kún un?"

"Ìkíni ni, sà. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ìkíni."

"Ó dáa. Máa kí wọn."

Bí àwọn àlejò bá padà délé, wọ́n á kọ̀wé pé ọ̀gá yìí ní sùúrù, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, pé torí rẹ̀ ni àwọn ò ṣe lọ ra ata níbòmíì. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò túmọ̀ ìwé náà fún Ọ̀gá. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń mọ́ ọn lọ́wọ́ sí i ni orúkọ Ọ̀gá ń dáa sí i.

Ilé iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì òwò kan ní ìlú àwọn olùrajà náà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò sì máa kọ sí ìdí lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ àga náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ọkọ tirẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa, ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ náà sì ti ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe ìgbà yìí, kò tún sí ìgbà mìíràn.

A gbé e síwájú Ọlọ́run. Láràárọ̀, nígbà tó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì, á pè mí lórí fóònù; èmi á gbàdúrà, òun á ṣe àmín. A gbààwẹ̀. Ó dá mi lójú débi pé mo lọ ra kóòtù onírun kan fún un níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo ní ọjọ́ tó bá ń lọ ni màá gbé e fún un.

Ọ̀gá ló máa dárúkọ ẹni tó yẹ, Alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ náà ló máa fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ bá Ọ̀gá. Nígbà tó jáde níbẹ̀, ilé mi ló gbà wá. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ọ̀kan dání, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Mo ní, 'Sà, torí àga òkè òkun yẹn ni mo ṣe wá.' Ó ní, 'Ta lo fẹ́ kí n fi síbẹ̀?' Mo ní, 'Èmi ni, sà.' Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà o, àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun máa fẹ́ ẹ tóun bá dàgbà. Ó ní, 'Tí o bá lọ, kí ni màá fi sọ̀rọ̀?'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní wọ́n lè rí ẹlòmíì. Ó ní, 'Wò ó, Ẹnu mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ kàn ń gbé e ni. Aláàárù kọ́ ló lẹrù.'" Ó gbé bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo kàn ń gbé e. Òkò tó ń jù, èmi ni mò ń sọ ọ́ di òwú kó tó balẹ̀, ó ní mo kàn ń gbé e."

Mo ní kó fara balẹ̀, pé Ọ̀gá kọ́ ni Ọlọ́run. Mo rán an létí pé àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà, Alága náà á sì jókòó níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti rò ó. Bí Ọ̀gá bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́ fún wọn. Mi ò ní yọ níbẹ̀, mi ò ní fi kún un. Kí Alága fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ní ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ìbínú nìyẹn?"

"Òótọ́ ni. Àbí òótọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìjọ yín?"

Ìjọ kan náà la jọ ń lọ.

Yàrá ìpàdé wọn gùn, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì ń jò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní igun. Ọ̀gá jókòó sáàárín, Alága wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ògiri. Àwọn àlejò wà ní òdìkejì. Obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn ni aṣíwájú wọn. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ̀wé síra wọn tipẹ́. Ní ìpẹ̀kun tábìlì ni Ìyá Asáta wà, olórí àwọn obìnrin tó ń gé ata ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń dì í sápò. Wọ́n ní kó wá kí àwọn àlejò lè rí i. Bàtà tó wọ̀ ń ta á lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń rẹ́rìn-ín sí.

Obìnrin onígíláàsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní erùpẹ̀ wà nínú àwọn àpò tó dé kẹ́yìn. Ó ní àwọn fẹ́ kí wọ́n máa sá ata náà sórí àwọ̀n tí wọ́n gbé ga, kí wọ́n yé sá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á máa rà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. "Sọ fún un pé kí wọ́n tó bí i la ti ń sá ata sílẹ̀. Tó bá rí erùpẹ̀, kó fọ̀ ọ́. Àbí wọn ò ní omi lọ́dọ̀ wọn ni? Ẹni tí kò bá wù, ọ̀nà ò dí."

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ẹnu òun gbẹ. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí òun ì bá sọ ti tò sórí ahọ́n òun fúnra wọn, bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ agogo. Ó gbé wọn mì. Ó sì sọ ti Ọ̀gá bó ṣe rí, títí kan omi, títí kan ọ̀nà tí kò dí.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì inú igun nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Obìnrin onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó dé bíròò rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé àwọn dúpẹ́ fún ìtọ́jú, pé àwọn mìíràn wà tó ń sá ata sórí àwọ̀n, ọ̀dọ̀ wọn làwọn máa gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ìyẹn náà, kò bù ú kù.

Alága jókòó dáadáa. "Kí ló dé?"

Ọ̀gá yíjú padà sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò rántí ìgbà tó bojú wẹ̀yìn wo òun nínú ìpàdé rí. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ ni, sà."

"Ohun tí mo máa ń sọ náà ni mo sọ. Wọn kì í bínú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn kì í bínú."

Alága wo Ọ̀gá, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó tún wo Ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ti ń là díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé lé lórí. "Madam," ó ní, "báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọn kì í bínú?"

Ìbéèrè náà nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í rí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láti dáhùn, ẹnu rẹ̀ sì ti là.

Ìyá Asáta ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá náà kò gbọ́ èdè àlejò, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti dìde lórí bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Kò wo Ọ̀gá, kò wo Alága. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń lọ ni? Àwọn ọmọ mi ti ń gé ata tuntun o. Àwọ̀n ò ṣòro, a máa wá àwọ̀n. Bá wa sọ fún wọn."

Àwọn àlejò ti ń kó ìwé wọn sínú báàgì. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dúró dá Alága lóhùn, wọ́n á ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá sì sọ fún wọn pé òun ló ń tún ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ṣe láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kí ni wọ́n tún máa gbà gbọ́ nínú ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá? Ó yíjú sí Alága. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mi ò gbé ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa." Ó wá kọjú sí obìnrin onígíláàsì, ó sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé àṣìṣe ògbufọ̀ ni, pé ohun tí Ọ̀gá sọ ni pé sísá sílẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi lé wa lọ́wọ́, kí wọ́n ṣe sùúrù fún wa títí di ìkórè tó ń bọ̀, àwọ̀n á ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Asáta ló mú, ó fi sí Ọ̀gá lẹ́nu.

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó sì ṣí bíròò.

Ọ̀gá rí i pé ojú wọn ti rọ̀. "Ṣé o ti wá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ náà, kí ló dé tó ò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Ìyá Asáta ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbọ́n mi mú. "Ata nìkan kọ́ ni wọ́n ń fọ̀ níbí," ó ní.

Alága kò béèrè ìbéèrè yẹn mọ́. Kí ló kù tó fẹ́ béèrè? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lópin ọ̀sẹ̀, Alága ní òun ti ń ro ti obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ lè bàjẹ́ mọ́ lẹ́nu lójú gbogbo àwọn, àwọn ò lè rán an lọ síbi tí kò ti ní sẹ́ni tó máa bá a tún un ṣe. Ọ̀gá ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. "Kò sẹ́ni tí ahọ́n rẹ̀ kì í yọ̀," ó ní, ó sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún un, ó gbé e wá fúnra rẹ̀.

Wọ́n fi àga náà fún ọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò, tí wọ́n ń pè ní Onítáì torí pé kì í tú táì ọrùn rẹ̀ bó ti wù kí ooru mú tó. Èdè àlejò tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní kó kọ́ ọ. Wọ́n tún ní títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa, bó bá wà nínú ìpàdé lọ́hùn-ún, á máa pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kó lè máa bá a túmọ̀.

"Ẹnu ọ̀gá méjì ni mo ti dà báyìí," ó sọ fún mi. "Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lókè òkun. Ọlọ́run dáhùn àdúrà wa, àbúrò mi. Mo ti lọ. Ara mi nìkan ni ò bá mi lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Mo ti rò ó títí. Òótọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà, ìbínú ló bí i. Irọ́ tó pa, àánú ló bí i. Èwo ni Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú méjèèjì? N kò tíì bi pásítọ̀ wa, torí mo mọ ohun tó máa sọ, mo sì mọ̀ pé kò ní tó mi. Mo gbà pé Ọlọ́run wà, mo gbà pé ó ń gbọ́. Àwọn obìnrin Ìyá Asáta ń gé ata, wọ́n ti kan igi tí wọ́n máa ta àwọ̀n lé, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kóòtù onírun yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Bí mo bá ń kọjá lára rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń gbójú sápá kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Onítáì máa wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀gbọ́n mi pè mí bó ṣe máa ń pè. Mo ń gbọ́ ariwo ibùdókọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Baba wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, torí o mọ ohun tó dáa jù fún wa, bí inú wa sì ṣe ń dùn láàárọ̀ yìí..."

"Dúró ná," ó ní.

Mo dúró.

"Inú ta ló ń dùn? Má bá mi tún un ṣe. Èyí tí mò ń tún ṣe fún Ọ̀gá ti tó. Sọ ọ́ fún un bó ṣe rí."

Ẹnu mi gbẹ, bí tirẹ̀ ṣe gbẹ lọ́jọ́ ìpàdé. Gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tí mo mọ̀ ti tò sórí ahọ́n mi. Mo gbé wọn mì.

"Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ àga kan. A bẹ̀ ọ́. O ò fún un. Kò yé wa, ó sì ń dùn wá."

N kò rí nǹkan mìíràn fi kún un.

"Àmín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò ṣe àmín tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti ń gbàdúrà pọ̀. "Bọ́ọ̀sì ti dé. Jẹ́ kí n máa lọ, Onítáì á ti máa retí mi fún ẹ̀kọ́ ìkẹyìn."